Ìwọ̀n Àtàǹpàkò

Láti ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ náà ti ń han
bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù.
Gbogbo ará Orissaare ló mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀
kí n tó yọ lẹ́yìn igi.
Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ariwo dákẹ́,
iná pupa tàn lójú dáṣíbọọ̀dù,
mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju ariwo lọ.

Bàbá mi, Endel, jáde tòun tọ̀pá,
ó da ojú garawa dé, ó jókòó lé e nínú yìnyín.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Òtútù kọ́.
Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọwọ́ yẹn ti ń dá gbọ̀n
bí ẹ́ńjìnì tí a kò rí kọ́kọ́rọ́ tí a lè fi pa á.

"Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Mo ti ṣí i.
"Yọ orí bátìrì." Mo ti yọ ọ́.
"Sípánà mẹ́tàlá." Mo mú méjìlá.
Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn gbójú sókè, ó ń wo kannakánná
títí mo fi dá a padà.

Bẹ́líìtì àtijọ́ ti já,
ó há sísàlẹ̀ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀.
Mo fà á jáde. Ó le, ó sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀.
Bàbá gbà á, ó gbé e lé orúnkún,
ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹní pa ológbò lára.
"Ọdún mọ́kànlá," ó ní. "Ó gbìyànjú."

Èyí tí mo rà ní Kuressaare kò bá a mu.
Wọn ò tíì bí ọmọ tó tà á fún mi
nígbà tí Bàbá ra ọkọ̀ yìí.
Ó wo fóònù, ó wò mí, ó ní, "Ó yẹ kó ṣe é."
Ó rọ̀ lórí púlì bí okùn ìsáṣọ.
Mo bú ọmọ náà, mo bú òtútù,
mo bú ẹni tó gbé bóòtù síbi tọ́wọ́ èèyàn kò dé.
Nọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ mi, yìnyín gbé e mì.

Ìgbà yẹn ni Bàbá rẹ́rìn-ín.
"Hilje ò bú ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ó kàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀."
Ìbọ̀sẹ̀ wo?
"Èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó dé itan.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Riga fún ìgbéyàwó wa.
Bẹ́líìtì já lọ́nà gbọ̀ngàn ijó, ilẹ̀ ti ṣú.
Ìyá rẹ ní kí n wo ẹ̀yìn.
Mo ta ìbọ̀sẹ̀ náà ní kókó méjì lórí púlì,
a rọra rin kìlómítà mọ́kàndínlógún."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ọkọ ìyàwó ni mí, mo sì wo ẹ̀yìn lóòótọ́."

Mi ò gbọ́ ọ rí.
Ọdún mẹ́fà tí a ti sin ín, mi ò gbọ́ ọ rí.

"Leelo, wo abẹ́ àga ẹ̀yìn."
Bẹ́líìtì tuntun wà níbẹ̀, nínú ìwé ìròyìn tó ti pọ́n.
Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ láti àárọ̀?
"O ò bi mí."

Mo fi igi ti ẹ̀rọ tó ń bọ́ bátìrì títí bẹ́líìtì fi nà.
"Tẹ̀ ẹ́ láàárín. Kó wọlé níwọ̀n àtàǹpàkò kan.
Bó bá le jù, á jẹ bíárìn. Bó bá dẹ̀ jù, á tún máa ké."
Àtàǹpàkò ta ni? Tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.
Ó dìde. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀ nínú yìnyín.
Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú,
mo tọ́ ọ wọ àárín fáànù àti irin tútù,
a jọ tẹ̀ ẹ́.
Bẹ́líìtì ló ń gbọ̀n lábẹ́ ìka ni, àbí ìka lórí bẹ́líìtì?
"Ó ku díẹ̀," ó ní.
Mo fún nọ́ọ̀tì sí i.
"Ó tó."

Iná pupa kú. Kò sí ohun tó ké.
Nọ́ọ̀tì tó bọ́ ṣì wà nínú yìnyín,
èyí tí mo fi dípò rẹ̀, ara kẹ̀kẹ́ mi ni mo ti tú u.
Kí n tó nu ọwọ́ tán, Bàbá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀,
ó ní kí n gbé òun gba ọ̀nà gbọ̀ngàn ijó,
ó ní kí n má sáré.